Adágún Tí Wọ́n Fi Màrìwò Tì

Àwọn tó ń ròyìn ìrìn àjò fẹ́ràn láti máa sọ pé àkùkọ kò tíì kọ tí àwọn fi bọ́ sọ́nà. Ẹ má bínú sí mi, èmi kò gbọ́ ohùn àkùkọ kankan. Ọ̀sán gangan ni mo jáde nílé mi ní Ìlaròó, oòrùn mú, ajá ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ àtẹ, ìyàwó mi sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn tó kọ̀ tí kò lo oògùn. Iṣẹ́ mi ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja wà nínú omi, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ, torí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ ń sọ̀kalẹ̀ wá jẹun, ẹyẹ kì í sì í bà síbi tí kò ti ní rí nǹkan jẹ. Bí mo bá ti rí ẹyẹ, mo ti rí ẹja. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ń bọ́ ilé mi láti ọjọ́ yìí wá.

Iṣẹ́ wo gan-an ni? Mo máa ń mú àwọn èèyàn lọ sétí omi ni. Ará Èkó ni wọ́n, àwọn tó ti jẹun yó tí wọ́n wá ń wá ibi tí wọ́n á ti sinmi. Wọ́n á gbé ọ̀pá ìwọ̀ tó ń dán wá, wọ́n á jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, bí wọ́n bá sì wá pa ẹja tán, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á dá a padà sómi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, díẹ̀ ló kù kí n bẹ́ sómi tẹ̀lé ẹja náà. Apẹja ni bàbá tó bí mi, ká ní ó rí i ni, yóò ní kí wọ́n lọ bá wọn wo orí wọn. Àwọn kan nínú wọn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan ìwọ̀. Ẹyẹ ni wọ́n ń wá wò, wọ́n á fi awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni bojú, bí lékeléke kan bá ti fò, wọ́n á máa fọwọ́ gbá ara wọn léjìká. Mo ti kọ́ bí mo ṣe ń ṣe é tí n kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn ló ń rán Tósìn ọmọ mi ní ilé ìwé.

Dókítà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kó wọn wá. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ̀yìn, wọ́n jókòó ti omi títí ilẹ̀ fi ń ṣú, èpìyà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ni wọ́n rí pa, kò sì sí ẹyẹ kan tó kọjá lórí wọn. Dókítà kò bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, ó wá fi ẹnu ẹni tí kò fẹ́ dun ẹlòmíràn sọ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan sí i, pé bó bá tún rí báyìí, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni àwọn á kúkú máa gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí. Ìyá Tósìn, ìyàwó mi, máa ń ra gàrí ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wá tà ní Ìlaròó. Ó ní bí n kò bá rí adágún kan tó ṣì wà láàyè lónìí, kí n yáa wá máa bá òun gbé àpò gàrí. Mo ní ó ti yé mi. Gàrí kì í ṣe ohun ìtìjú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n omi ni mo mọ̀. Bí ẹ bá mú mi kúrò létí omi, n kò mọ ohun tí mo tún jẹ́, ẹ̀rù sì bà mí.

Ọlọ́kadà tó gbé mi, Ràfíù ni màá pè é níbí. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti níyàwó ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì mọ gbogbo ọ̀nà oko láti Ìlaròó dé Ayétòrò. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni òun máa gbà títí a ó fi padà, pé epo ti gbówó lórí. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ó ní kí n lọ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi jáde. Ẹgbẹ̀rún méje la parí rẹ̀ sí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ pé ibẹ̀ la máa bọ́ sí.

A gba ọ̀nà Joga-Orílé. Ọ̀dà ṣì wà lójú ọ̀nà náà níbì kan, níbòmíràn ó ku eruku pupa àti ihò tí tírélà gbẹ́. Bí tírélà bá ti ń bọ̀, Ràfíù á yà sínú koríko, a ó dijú, a ó di imú, eruku á kọjá, a ó tún gbéra. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ti wà lóko. Ohun tí mo ń rí lọ́tùn-ún lósì ni àwọn tó gbé ike oògùn koríko kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fọ́n ọn kiri ebè ẹ̀gẹ́. Nígbà èwe wa, ọkọ́ àti àdá la fi ń bá koríko jà, ẹ̀yìn á sì máa ro wá. Ràfíù ní ta ló tún fẹ́ pa ara rẹ̀, pé ìgò oògùn kan ń ṣe iṣẹ́ tí àgbàṣe ò lè ṣe tán lọ́sẹ̀ kan. N kò bá a jiyàn, n kì í ṣe àgbẹ̀.

Adágún àkọ́kọ́ tí mo fọkàn sí wà lẹ́yìn Joga díẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí igi àràbà ńlá kan wà. Mo ti mú dókítà débẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì dùn débi tó fi ń súfèé. Kí a tó débẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Àwọn tó ń wa yanrìn ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ etí omi náà títí ó fi di kòtò, ọkọ̀ akóyanrìn tò sí ibi tí esùnsún ti máa ń hù, ìwọ̀nba omi tó sì kù níbẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ni. Mo bi olórí wọn pé níbo ni àwọn ẹyẹ yẹn lọ. Ó wo mí láti òkè délẹ̀, ó ní àwọn ò mọ̀ nípa ẹyẹ, yanrìn ni àwọn wá kó. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó tilẹ̀ fún mi ní omi inú ọ̀rá mu, mo sì mu ún, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Èkejì wà nítòsí ọ̀nà Ayétòrò. A fi ọ̀kadà sílẹ̀ sétí oko ẹ̀gẹ́ kan, a fẹsẹ̀ rìn wọ igbó. Omi wà níbẹ̀, ó mọ́ lóló, ojú rẹ̀ tẹ́jú. Mo ní kí Ràfíù pa ẹnu mọ́, a jókòó sábẹ́ igi, a ń wò. Ó yẹ kí n rí ẹyẹ kékeré aláró yẹn tó máa ń já sómi lójijì láti mú ẹja. Ó yẹ kí èpìyà máa fẹnu kan ojú omi. Kò sí nǹkan kan. A jókòó títí ẹsẹ̀ Ràfíù fi kú tipiri. Obìnrin kan tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi lápá ìsàlẹ̀ ló wá là wá lọ́yẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan ló wá da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò orí kòkó sínú rẹ̀. Wọ́n ṣa àwọn ẹja ńlá tó léfòó lọ sọ́jà, wọ́n fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ kó jẹrà, ẹyẹ tó sì wá jẹ nínú rẹ̀ kò fò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo bi í pé ṣé omi yìí náà ló fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni. Ó ní omi mìíràn wo ló wà?

Ebi ti ń pa wá. A yà sọ́dọ̀ olóúnjẹ kan ní oríta, ó fún wa ní láfún ọọ́dúnrún náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Mo ní kó fi ẹja odò sí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹja inú yìnyín ló wà, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni gé kan, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú òkun gbé wá láti ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Odò wà lọ́tùn-ún wa, odò wà lósì wa, àwa wá ń jẹ ẹja tó ti rin òkun já kó tó kàn wá. Mo jẹ ẹ́ ṣá. Kò dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò korò, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀. Mo ń wo ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, mo ń wo dókítà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ń kó ọ̀pá ìwọ̀ wọn jáde nínú mọ́tò, n kò sì rí ibi tí màá ní kí wọ́n jókòó sí.

Mo sọ fún Ràfíù pé kó jẹ́ ká padà sílé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, adágún kan wà ní abúlé ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í."

Mo ní báwo ni èèyàn ṣe ń ti adágún. Ní ilé tiwa ní Ìlaròó, n kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ń ti omi bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìdílé kan ló ni omi náà. Bí olórí ìdílé bá kú, wọ́n á so màrìwò yí i ká, láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí i, kò gbọdọ̀ pọnmi níbẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wò ó. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sóko, ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò yíjú sí títí yóò fi kọjá. Àgbà obìnrin ilé náà nìkan ló lè súnmọ́ ọn, òun ló ń pààrọ̀ màrìwò bó bá gbẹ. Ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ìdílé bá péjọ láti ìdálẹ̀, tí kò ku ilé kan, ọjọ́ náà ni yóò tú u, gbogbo wọn á sì jọ wọ omi, wọ́n á pa ẹja, wọ́n á pín in. Ràfíù ní kí òun tó fẹ́ ìyàwó òun ni wọ́n ti ti èyí, ọmọ òun àkọ́kọ́ sì ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó ní ẹ wá wo bí àwọn àrọ̀ inú ibẹ̀ á ṣe tó.

Mo dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Omi tí ìwọ̀ ò dé, tí oògùn ò dé, tí ayanrìn ò dé láti ọjọ́ wọ̀nyí! Mo rò ó pé bí wọn kò bá tilẹ̀ jẹ́ kí dókítà pa ẹja, àwọn oníẹyẹ lè dúró lókèèrè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan péré ni mo ń wá. Lójú ọ̀nà, èmi gan-an ni mò ń sọ pé kí Ràfíù túbọ̀ sáré.

N kò ní dárúkọ abúlé náà. Abúlé tó ní adágún pọ̀ láti Àgọ́sáṣá títí dé òkè Ayétòrò, bí ẹ bá sì rò pé ẹ mọ èyí tí mo ń sọ, ẹ dákun, ẹ ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ sóko.

Màmá àgbà ilé náà wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, gèlè rẹ̀ bò ó létí. Ràfíù dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àna, èmi náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e. Ó kí wa, ó bi mí léèrè ará ilé mi láìmọ̀ wọ́n rí, ó ní kí Ràfíù lọ kí àwọn àna rẹ̀ yòókù lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo ro ẹjọ́ mi. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ nípa dókítà, mo sọ nípa ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sọ nípa gàrí. Ó tẹ́tí sí mi, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀gúsí. Ó ní omi náà kò ṣeé tú, pé àwọn ọmọ kò tíì pé. Ilé kan wà ní Kútọnu, ilé kan wà ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ wà ní Èkó. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi fóònù sọ pé àwọn ń bọ̀. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun tó wà ní Kútọnu kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ́, pé bí òun bá ti bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀, "sa fa alé" ni wọ́n máa ń dá òun lóhùn. Faransé ni, ó túmọ̀ sí pé yóò dára. Ó ní òun ti wá mọ̀ ọ́n sọ jù wọ́n lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé n kò ní kó tú u, kó sáà jẹ́ kí n dúró lókèèrè. Mo ní n kò ní wo omi, ẹyẹ ni mo fẹ́ wò, pé bí mo bá rí ẹyẹ, ó tó mi. Ó gbé atẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní, "Òfin wa ní kí ojú má rí omi. Kò sọ nǹkan kan nípa ojú ọ̀run. Dìde, jẹ́ ká lọ."

A rìn gba ẹ̀yìn oko kókò, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí mo fi rí màrìwò náà láàárín igi, mo sì yára yíjú bí Ràfíù ṣe kọ́ mi. Ohun tí mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí ni pé màrìwò náà tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó ni. Màmá ní kí n kẹ̀yìn sómi, kí n máa wo òkè. Mo kẹ̀yìn. N kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí láyé mi, kí n dúró ti adágún kí n má lè wò ó, kí n máa na ọrùn sí ojú ọ̀run bí àgbẹ̀ tó ń retí òjò.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀gà kì í jẹ ẹja, n kò kà á kún. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí wọn, àwọn lékeléke, wọ́n ń bọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n funfun báláú. Inú mi dùn débi pé mo di ọwọ́ Màmá mú. Wọ́n dé orí omi lẹ́yìn wa, mo ń gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn, wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bà. Wọ́n tún gbéra. Gbogbo wọn fò gba orí wa kọjá, wọ́n sì ń lọ. Ẹyọ kan kò bà.

Mo mọ ohun tí mo rí. Ẹyẹ kì í purọ́ fún mi. Afẹ́fẹ́ sì fẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ òórùn náà, kò le mọ́, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ọmọ apẹja ni mí. Mo ń rò bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún obìnrin yìí, tó ti ṣọ́ omi yìí láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, olórí ìdílé náà, ti kú. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà ti rí i," ni ó wí. "Yíjú padà kó o wò ó. Kò sí ohun tí mò ń bò fún ọ mọ́."

Mo yíjú. Omi náà fẹ̀, ó dákẹ́, ohun kan tó jọ ọ̀rá epo bo ojú rẹ̀ létí létí. Ewé tó máa ń léfòó lójú omi ti pọ́n, ó ti rọ. Egungun ẹja tò sí etí bèbè, àwọn mìíràn gùn tó apá mi. Irọ́ kọ́ ni Ràfíù pa, àrọ̀ inú omi náà tóbi lóòótọ́.

Màmá sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló yá àjèjì kan ní ilẹ̀ tó wà lókè omi, oníyẹn gbin ẹ̀gẹ́ lọ bẹẹrẹ, oògùn ló fi ń pa koríko. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá ló wọ́ ọ wá sínú omi. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, ṣùgbọ́n Màmá kò bú àbúrò rẹ̀, ó ní kò mọ̀. Ẹja ń kú lójoojúmọ́, àwọn ará abúlé ń kọjá lójoojúmọ́, gbogbo wọn ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì gẹ́gẹ́ bí òfin. Òórùn náà dé inú ilé wọn, kò sì sí ẹni tó béèrè, torí bíbéèrè náà, wíwò ni. Òun nìkan ló rí i, nígbà tó lọ pààrọ̀ màrìwò. Ó jókòó síbẹ̀ títí, ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀, ó so màrìwò tuntun, ó sì wá sílé.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Mo ní bóyá wọn ì bá ti lé àgbẹ̀ náà, bóyá wọn ì bá ti wá nǹkan ṣe sí i.

Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá sọ pé ẹja ti tán, ta ni yóò tún wá? Ẹja ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá rí."

"Màmá, ọjọ́ tí wọ́n bá dé, wọ́n ṣáà máa rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí, "wọ́n á ti dé."

Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Ràfíù, torí ọmọ ilé wọn ni ìyàwó rẹ̀. Mo ní ó ti tán, Màmá. Ó tún màrìwò kan tó fẹ́ já so, ó rọra fà á wò bóyá ó le, a sì padà sílé.

Ràfíù ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà. Ó bi mí pé báwo. Mo ní Màmá kò gbà, pé òfin ni òfin. Ó ní òun ti mọ̀, pé àwọn àna òun kì í fi òfin ṣeré. Láti ibẹ̀ títí a fi kọjá Joga, kò sọ ohun mìíràn ju ọjọ́ tí wọ́n máa tú adágún náà lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti ra àwọ̀n tí wọ́n fi ń yan ẹja sílẹ̀. Àna rẹ̀ ọkùnrin ti ṣèlérí pé orí àrọ̀ tó bá tóbi jù, ti Ràfíù ni. Ó ní kí n fojú inú wò ó, Ẹ̀gbọ́n, àrọ̀ tí kò rí ìwọ̀ láti ọjọ́ wọ̀nyí. Mo fojú inú wò ó. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, eruku ń bò wá, mo ń dáhùn pé "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," inú mi sì bàjẹ́ débi pé mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo wọ Ìlaròó. N kò tíì wọlé tí mo ti pe dókítà. Mo sọ fún un pé mo ti wá gbogbo ibi tí mo mọ̀, kò sí adágún kan tí mo lè mú wọn lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun mọ rírì òótọ́ tí mo sọ, pé kí n kí ìyàwó mi. Kò sọ pé ó dìgbà kan, èmi náà kò sì bi í. Báyìí ni iṣẹ́ mi ṣe tán, lórí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí mo gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Tósìn gbé omi ìwẹ̀ fún mi, ó bu oúnjẹ fún mi, kò béèrè nǹkan kan títí mo fi jẹun tán. Ó wá jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ ò wá rí ẹyọ kan ṣoṣo?"

Mo ti la ẹnu láti sọ pé rárá. Mo wá wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ gàrí, mo rò pé ó fẹ́ kí n fi omi sílẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ìdáhùn mi ń bà á ju bó ṣe ń ba èmi gan-an lọ.

Mo ní, "Mo rí ọ̀kan. Wọ́n fi màrìwò tì í ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé, mo ṣàlàyé òfin náà fún un, bí wọ́n ti ń yíjú, bí wọ́n ti ń dúró de àwọn ọmọ, bó ti pẹ́ tó tí ìwọ̀ kan kò ti kan omi náà. Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni. Ó ń mi orí, ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹja tó wà níbẹ̀ á ti di baba, pé ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, dókítà á sáré padà wá. Ó ní, "Ẹ má wá sọ́jà lọ́la. Ẹ tọ́jú irinṣẹ́ yín, ẹ dúró dè é. Gàrí ò sá lọ síbì kan."

Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn, mo sì rí i, kò wá sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́nà nìyẹn. N kò tíì sọ fún Ìyá Tósìn. Bó bá ka èyí, ó ti gbọ́ nìyẹn, kó sì foríjì mí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àga síta fún mi, ó tan iná, ó sì jókòó tì mí. Mo kó àwọn ìwọ̀ mi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n wọn.